Orúkọ kan, ojú ewé mẹ́ta: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kátíríìjì .45-70

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ àgbọ̀nrín àti àwọn tó ń yìnbọn sí àmì ló ń ki kátíríìjì wọn, ìyẹn kòròfo idẹ tó gbé ẹ̀tù àti ọta pọ̀, fúnra wọn nínú ilé. Èyí tó ń da ojú ẹni tuntun rú jù nínú iṣẹ́ náà ni .45-70. Kátíríìjì kan ni, orúkọ kan ló ń jẹ́, síbẹ̀ ìwé ìlànà, tó ń sọ ìwọ̀n ẹ̀tù tó yẹ, pín in sí ojú ewé mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún irú ìbọn kan, ohun tó sì dára ní ojú ewé kẹta lè fọ́ ìbọn ti ojú ewé kìn-ín-ní mọ́ olówó rẹ̀ lójú.

Kí ni 45 àti 70 yẹn ń sọ?

45 ni fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún íǹṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 0.458 ni ọta gan-an. 70 ni ìwọ̀n ẹ̀tù dúdú tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á ní 1873: gréènì 70. Gréènì 7,000 ló wà nínú pọ́ùn kan, nítorí náà ẹ̀tù yẹn kò ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin àbọ̀ lọ. Ọta òjé tó jókòó lé e lórí jẹ́ gréènì 405, bíi gíráàmù 26. Àwọn ológun tó ń gun ẹṣin kò fara mọ́ bí ó ṣe ń gbá wọn léjìká láti inú ìbọn kúkúrú tiwọn, ni wọ́n bá dín ẹ̀tù tiwọn kù sí gréènì 55. Ẹ fọkàn sí ìyẹn o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kòròfo kan náà ti ń gba ìwọ̀n ẹ̀tù tó yàtọ̀ síra, ìbọn tí yóò wọ̀ ló sì ń pinnu rẹ̀.

Ó ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ló dé tí èèyàn á tún jókòó máa ki tirẹ̀?

Owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Kòròfo idẹ máa ń wà lára ohun tó gbówó lórí jù nínú kátíríìjì, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé lò léraléra tí wọn kò bá fi agbára gbígbóná pá a. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ: ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kì í sábà ná owó tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ńṣe ló kàn ń yìnbọn púpọ̀ sí i.

Ìdí tó múná dóko ni pé ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń tà kò pọ̀ ní oríṣi. Ẹni tí èjìká rẹ̀ kò gba ìgbájú líle lè fẹ́ èyí tó rọ̀ fún àgbọ̀nrín. Ẹni tó ń yìnbọn sí àmì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bá ara wọn mu, kí ọta kejì gba ibi tí ọta kìn-ín-ní gbà kọjá. Ìbọn méjì tó jáde láti iléeṣẹ́ kan náà lè fẹ́ràn oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ń kì í lọ́wọ́ ara rẹ̀ nìkan ló lè wá ohun tó bá tirẹ̀ lára mu.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ?

Kò gùn. Wọ́n á yẹ kòròfo wò bóyá ó ti sán, wọ́n á tì í bọ inú dáì irin tó ń fún un padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kápù tó ti jó, ìyẹn ohun kékeré ìdí rẹ̀ tó ń tan iná sí ẹ̀tù, á sì jáde. Bí ó bá ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á gé e. Kápù tuntun á wọlé ní ìdí, ẹ̀tù tí wọ́n ti wọ̀n á tẹ̀ lé e, ọta á jókòó lórí rẹ̀, ètè kòròfo á sì dì mọ́ ọta díẹ̀. Ẹ̀rọ ń ṣe púpọ̀ nínú èyí. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ni láti mọ ìbọn tí kátíríìjì náà ń lọ.

Kí ló wá dé tí ìwé ìlànà fi pín in sí ojú ewé mẹ́ta?

Ìbọn ló fà á.

Ìbọn Springfield ti 1873, tí wọ́n ṣe kátíríìjì yìí fún, ní ìlẹ̀kùn kan ní ìdí tó ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí. Irin ayé ìgbà yẹn kò le bíi tòní, ohun tó sì di ìlẹ̀kùn náà mú kò tó nǹkan. Pẹ̀lú ẹ̀tù dúdú kò sí ìyọnu, torí pé ìfúnpá ẹ̀tù dúdú, ìyẹn bí gáàsì rẹ̀ ṣe ń ti inú ìbọn, kì í ga púpọ̀. Àmọ́ ní 1884 Paul Vieille ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín jáde ní ilẹ̀ Faransé, ayé ìbọn sì yí padà. Díẹ̀ nínú ẹ̀tù tuntun yìí ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀tù dúdú ń ṣe. Ẹni tó bá ka 70 lára orúkọ kátíríìjì yìí, tó wá lọ wọn gréènì 70 ẹ̀tù òde òní sí i, bọ́ǹbù ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yẹn.

Àwọn Springfield àtijọ́ kò kú. Wọ́n wà lára ògiri, wọ́n wà nínú àpótí bàbá àgbà, àwọn kan ṣì ń gbé wọn jáde lọ yìn. Nítorí tiwọn ni SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, fi òpin ìfúnpá .45-70 sí 28,000 pọ́ùn lórí íǹṣì kan níbùú-lóròó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe kéré tó, 62,000 ni ti kátíríìjì .308 tí àwọn ọdẹ òde òní ń lò. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń kó sí ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ kọjá òpin yẹn, torí wọn kò mọ ẹni tí yóò rà á. Ìyẹn ni ojú ewé kìn-ín-ní.

Ní 1972, iléeṣẹ́ Marlin gbé Model 1895 tuntun jáde, ìbọn tí a ń fi irin abẹ́ rẹ̀ fà kí kátíríìjì tó wọlé. Irin rẹ̀ lágbára ju ti Springfield lọ fíìfíì, ìwé ìlànà sì gbà kí ìfúnpá rẹ̀ tó bíi 40,000. Ojú ewé kejì nìyẹn. Ìbọn Ruger No. 1 tún wà, tó jẹ́ pé kátíríìjì kan ṣoṣo ló ń gbà, tí odindi búlọ́ọ̀kù irin sì ń gòkè wá dí ìdí rẹ̀ pa. Òun àti àwọn tó bá a dọ́gba ni wọ́n kọ ojú ewé kẹta fún, ó sì lè dé 50,000.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé kátíríìjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbejì. Gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà, orúkọ kan náà ló wà ní ìdí wọn. Gbogbo wọn ló ń wọ inú ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí nǹkankan lára kòròfo tí yóò dá ọwọ́ èèyàn dúró. Ohun tó lè gbani ni ohun tí ẹni tó ki kátíríìjì náà bá kọ sára páálí rẹ̀: irú ọta wo, irú ẹ̀tù wo, gréènì mélòó, ìbọn wo. Ẹni tí kò bá ń kọ ọ́, kó má ṣe ni .45-70 méjì nínú ilé kan.

Ṣé àgbọ̀nrín tilẹ̀ nílò ojú ewé kẹta?

Rárá. Àgbọ̀nrín onírù funfun tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹfọ̀n. Ọta òjé rírọ̀ tó jẹ́ gréènì 300 sí 405 láti ojú ewé kìn-ín-ní, bí ó bá bà á níbi tó yẹ, ó ti tó. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ tó ń gun orí ojú ewé kẹta nítorí àgbọ̀nrín, èjìká ara wọn ni wọ́n ń fìyà jẹ. Ọta tó le jù tilẹ̀ lè gba ara ẹran kọjá láìfẹ̀, kí ẹran náà sì sá wọ igbó jìnnà.

Ibi tí agbára ti ń ranni lọ́wọ́ ni ọ̀nà jíjìn. Ọta ńlá tó ń rìn jẹ́jẹ́ yìí máa ń yára balẹ̀: èyí tí wọ́n ti ṣètò ìbọn rẹ̀ kí ó ba àmì gan-an ní yáàdì 100 lè ti fi ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ wá sílẹ̀ kó tó dé 200. Ọdẹ tó gbọ́n á kúkú sún mọ́ ẹran.

Wọ́n ní kòròfo rẹ̀ fẹ̀ jù. Kí ló burú nínú ìyẹn?

Ẹ̀tù dúdú gréènì 70 ni wọ́n wọn kòròfo yìí fún, ó sì kún un dé ìdí ọta. Ẹ̀tù òde òní kan, pàápàá èyí tó ń yára jó, lè má dé ààbọ̀ rẹ̀. Ẹni tí fóònù bá dún mọ́ lọ́wọ́ lè da ẹ̀tù sínú kòròfo kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní kún dé ẹnu kí ó lè fura. Nínú kòròfo tóóró, ìlọ́po méjì á dà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ fi máa ń to gbogbo kòròfo sínú pákó oníhò, tí wọ́n á tan iná wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọta kankan tó jókòó. Ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ yan ẹ̀tù tó kún kòròfo dáadáa. Oríṣi ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, nínú agolo tí ó bá wá, torí kò sí ẹni tó lè fi àwọ̀ dá wọn mọ̀.

Kí ló dé tí imú ọta rẹ̀ sábà máa ń pẹlẹbẹ?

Nítorí ìbọn bíi Marlin. Kátíríìjì ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀pá kan lábẹ́ ẹnu ìbọn, imú ọ̀kan kan ìdí èkejì, níbi tí kápù wà gan-an. Bí imú náà bá mú ṣóńṣó, tí ìbọn sì gbọ̀n nígbà tó dún, ó lè gún kápù iwájú rẹ̀, kí kátíríìjì bú nínú ọ̀pá. Iléeṣẹ́ Hornady ti ṣe ọta onímú ṣóńṣó tí orí rẹ̀ rọ̀ bí rọ́bà nítorí èyí, ṣùgbọ́n èyí tó pẹlẹbẹ ṣì ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lò.

Báwo ni kátíríìjì ọdún 1873 ṣe padà di ayanfẹ́ òfin ọdẹ?

Apá púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio tẹ́jú, oko àti ilé sì sún mọ́ra. Fún ọdún pípẹ́, shotgun àti ìbọn tí a ń ki láti ẹnu ló pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀. Wọn kò fẹ́ ràífù tí ọta rẹ̀ lè ré kọjá lọ bá ará ilé kejì. Ní 2014 wọ́n gba ràífù láàyè, àmọ́ àfi èyí tí kòròfo rẹ̀ lọ tààrà láti ìdí dé ẹnu láìní ọrùn, .45-70 sì wà lára wọn. Michigan náà gba irú rẹ̀ ní apá gúúsù rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n ní kòròfo kò gbọdọ̀ gùn ju íǹṣì 1.8 lọ. Ti .45-70 jẹ́ 2.105. Bàbá gbogbo wọn ló wá di ẹni tí wọ́n tì mọ́ ìta.

Àwọn tó ń yìn ín sí àmì ńkọ́?

Àwọn wọ̀nyẹn ló dùn mọ́ mi jù, torí ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn padà sí. Ní Creedmoor, nítòsí New York, ní 1874, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ìbọn tí a ń ki láti ìdí ko àwọn ará Ireland tó ń ki tiwọn láti ẹnu, ní yáàdì 800, 900 àti 1,000. Amẹ́ríkà jáwé olúborí pẹ̀lú 934 sí 931, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ireland kan ti yin ọta rẹ̀ sí àárín gbùngbùn àmì tí kì í ṣe tirẹ̀, máàkì mẹ́rin sì bá ibẹ̀ lọ. Ní 1879 àwọn ológun gbé .45-70 lọ sí Sandy Hook ní New Jersey, wọ́n yìn ín dé yáàdì 3,500, ọta gréènì 500 sì ṣì ń gún pákó níbẹ̀.

Lóde òní ìdíje kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀tù dúdú nìkan ṣe. Adìyẹ irin wà ní mítà 200, ẹlẹ́dẹ̀ ní 300, tòlótòló ní 385, àgbò ní 500. Ìlànà tiwọn yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀tù òde òní: ààyè kankan kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù láàárín ẹ̀tù dúdú àti ọta. Wọ́n ń da ẹ̀tù gba inú ọ̀pá gígùn kí ó lè jókòó pọ̀, wọ́n á sì fún un mọ́lẹ̀. Láàárín yíyìn kan sí èkejì, wọ́n á fẹ́ èémí sínú ọ̀pá ìbọn kí èérí rẹ̀ lè rọ̀.

Mo lè fi ọta bàbà rọ́pò òjé nínú ìlànà kan náà?

Ẹ má ṣe dán an wò. Láti July 1, 2019 ni California ti fòfin de òjé fún gbogbo ọdẹ, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń jẹ òjé nínú òkú ẹran, àwọn mìíràn sì sá fún òjé nítorí ẹran tí wọ́n ń gbé lé iná. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ọta bàbà tó wúwo bákan náà máa ń gùn sí i, ó sì ń gba ààyè ẹ̀tù nínú kòròfo. Ìlànà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Ṣé ọdẹ tó wà nílé náà lè ṣe é?

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ki tirẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa tà á ló gbọ́dọ̀ gbà á. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 ka ọta ṣíṣe láìgba àṣẹ léèwọ̀, ṣakabùlà gan-an sì nílò ìwé àṣẹ. Ọdẹ wa tó ń wọn ẹ̀tù láti inú ado sínú ṣakabùlà mọ ohun tí ìbọn rẹ̀ lè gbé àti ohun tí ti àbúrò rẹ̀ kò lè gbé. Ìmọ̀ yẹn náà ni ojú ewé mẹ́ta yìí kọ sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní ogún kátíríìjì .45-70 tó kì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kí n yìn ín?

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìbọn wo ló ki kátíríìjì náà fún. Bí ó bá dá yín lóhùn pé “ìbọn .45-70 ni,” ẹ dá a padà fún un.