Nọ́ńbà ara ìgò kì í ṣe àṣẹ àtita ọtí

Obìnrin kan tó ń yan ẹja tó sì ń ta bíà tútù ní Pánṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta ló na ìka sí ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wà níbẹ̀ nínú férémù onígíláàsì, ó ń dán yanran. Ó gbé ìgò bíà kan sókè, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ka nọ́ńbà NAFDAC yìí. Ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i. Kí ni káńsù tún ń wá lọ́wọ́ mi?"

N ò bá a jiyàn lójú ẹsẹ̀, torí ẹja tó wà níwájú mi ti fẹ́ máa tutù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé sọ sí mi lọ́kàn, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé ìjẹun ní Kútọ̀, mo ti gbọ́ ọ ní Lafẹ́nwá, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé jù mí lọ. Gbogbo wọn gbà pé ẹni tó bá ti forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tí ọtí tó ń tà sì ní nọ́ńbà, ti gba àṣẹ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀.

CAC kò mọ̀ ju orúkọ lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn báyìí ló ń ṣòwò lábẹ́ orúkọ báyìí, kí ẹlòmíràn má baà jí i lò. NAFDAC ní tirẹ̀, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, tí ìjọba ológun fi àṣẹ ọdún 1993 dá sílẹ̀, ohun tó wà nínú ìgò ló ń yẹ̀ wò: ta ló pọn ọ́n, kí ni wọ́n fi pọn ọ́n, ṣé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀? Ìgò kan náà ni wọ́n ń tà ní Èkó, òun náà ni wọ́n ń tà ní Sápọ́n. Nọ́ńbà yẹn kò mọ̀ bóyá jẹ́lé-ó-sinmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kò mọ̀ bóyá mọ́ṣáláṣí ló kọjú sí yín, kò sì mọ ògiri ta ni àwọn oníbàárà yín ń tọ̀ sí nígbà tí ìgò kẹta bá wọlé tán.

Ẹni tó yẹ kó mọ ìyẹn ni káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ṣí òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé. Àfikún Kẹrin ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìsìnkú, ilé ìpẹran, sísọ àdúgbò lórúkọ. Nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti dárúkọ ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì, ilé ìjẹun àti ilé búrẹ́dì, títí kan ilé alágbàfọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọtí wá dé: káńsù ni yóò máa fún èèyàn níwèé àṣẹ láti tà á, òun náà ni yóò máa ṣàkóso títà rẹ̀. (Ajá àti ológbò tí èèyàn ń sìn nílé náà wà nínú àtòkọ kan náà. Mi ò tíì rí ẹni tó gba ìwé ajá ní Abẹ́òkúta o.)

Òfin mìíràn ti ọdún 1998, èyí tó pín owó orí àti owó ìlú sáàárín ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sọ ọ́ yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára owó tó fi sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni owó ìwé àṣẹ ọtí, oríṣi méjì: ọtí tí wọ́n ń mu níbi tí wọ́n ti rà á, àti ọtí tí wọ́n ń rà gbé lọ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, torí bí ìyàtọ̀ méjì yìí bá yé èèyàn, ọ̀pọ̀ nǹkan tó dà bí ìjẹgàba káńsù ni yóò yé e.

Ẹni tó ń ta páálí bíà fún àwọn tó ń lọ ṣe òkú àgbà, ọkọ̀ ló máa ń wá bá a. Wọ́n á sanwó, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á lọ. Ọtí yẹn kò ní í pa ẹnikẹ́ni lójú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ́ tábìlì mẹ́ta síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó gbé sípíkà lé orí àga, tó ń se pẹpẹsúùpù lẹ́yìnkùlé, ó ti pe èrò jọ. Èrò ń sọ̀rọ̀ sókè, èrò ń gbé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà onílé, èrò ń wá ibi tí wọn yóò tọ̀ sí. Bíà tí àwọn méjèèjì ń tà lè ti ilé ìpọntí kan náà wá. Ohun tí òfin ń wò ni ibi tí wọ́n ti ń mu ún. Ìdí nìyẹn tí wòlé-wòlé fi lè béèrè ilé ìyàgbẹ́ lọ́wọ́ olóòótọ́ èèyàn tí kò ta ayédèrú ọtí rí láyé rẹ̀.

Bí mo ti sọ èyí fún obìnrin ẹlẹ́ja náà nígbà tí mo jẹ ẹja tán, ó rẹ́rìn-ín. "Owó ni wọ́n ń wá, Bọ̀ọ̀dá."

Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Àwa tí a dàgbà lábẹ́ Olúmọ kì í sáré gba ìwé owó lọ́wọ́ ìjọba. Ogun Adùbí ti ọdún 1918, tí àwọn Ẹ̀gbá gbé ko ìjọba, kò ṣẹ̀yìn owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà, owó orí obìnrin ló gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ààfin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ẹni tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà nílé rẹ̀ yóò béèrè ọ̀rọ̀ kó tó yọ owó.

Ìbéèrè ọ̀hún gan-an ni mo fẹ́ kó máa béèrè. Ọ̀dọ́kùnrin máa ń dé pẹ̀lú ìwé rìsíìtì lápá, á ya ọ̀kan, á gba owó, á lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹlòmíràn á dé pẹ̀lú tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì yàtọ̀. Ẹni tó bá ti san ẹ̀ẹ̀mẹrin á rò pé òun ti gba láísẹ́ǹsì. Rìsíìtì ń jẹ́rìí pé owó kúrò lọ́wọ́ yín ni. Ìwé àṣẹ ọtí ní orúkọ ẹni tí wọ́n fún, ó ní ojúkò ibi tí yóò ti tà á, ó ní ọdún tí ó wà fún, ó sì sọ oríṣi títà tí wọ́n gbà láyè. Bí èyí tí wọ́n já fún yín kò bá ní nǹkan wọ̀nyí, tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni. Òfin 1998 yẹn kan náà sọ pé aláṣẹ tí òfin mọ̀ nìkan ló lè bu owó yìí kó sì gbà á, ó sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìjọba fúnra rẹ̀, láti dí ọ̀nà fún ọkọ̀ nítorí owó orí.

Ó kù ìkan tó ń da àwọn èèyàn láàmú: oúnjẹ òru. Àwọn tó ti gbé ìlú Ọba rí ló máa ń sọ pé ẹni tó bá ń ta oúnjẹ kọjá aago mọ́kànlá gbọ́dọ̀ gba ìwé mìíràn. Òótọ́ ni, lọ́hùn-ún. Òfin ìwé àṣẹ ti ọdún 2003 ní England àti Wales sọ pé oúnjẹ gbígbóná tàbí ohun mímu gbígbóná tí wọ́n bá tà láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí nílò àṣẹ káńsù, bí kò tiẹ̀ sí ẹ̀kán ọtí kan níbẹ̀. Àmàlà gbígbóná ní Peckham ní aago méjìlá òru wọ inú òfin yẹn. Sáláàdì tútù kò wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń wá àṣẹ yóò lẹ ìwé aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ iwájú ilé fún ọjọ́ 28, kí aládùúgbò tó bá fẹ́ ṣàtakò lè rí i. Mo fẹ́ràn ìlànà ìwé búlúù yẹn gan-an, ká má parọ́. Ì bá wù mí kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ ní Oníkólóbó.

Níbí, àtòkọ 1998 kò ya oúnjẹ òru sọ́tọ̀. Abẹ́ àkóso ilé ìjẹun ló wà, wòlé-wòlé ló sì ń bá a wí: omi, ìdọ̀tí, àyẹ̀wò ìlera ẹni tó ń fọwọ́ bu oúnjẹ. Ohun tó máa ń fa wàhálà lóru ni ariwo. Ìlànà ariwo tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, ń lò láti ọdún 2009 ka òru láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, ìwọ̀n ohùn tó sì gbà láyè ládùúgbò tí èèyàn ń gbé máa ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí wọ̀nyẹn. Ẹ lè máa yan ẹja yín lọ. Sípíkà ni kí ẹ rẹ̀ sílẹ̀.

Káńsù wo wá ni? Abẹ́òkúta kò sí lábẹ́ káńsù kan ṣoṣo. Pánṣẹ́kẹ́ wà lábẹ́ Gúúsù, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Aké. Lafẹ́nwá wà lábẹ́ Àríwá, ní Akọmọjẹ. Ẹni tó wà ní Ọbáńtokò á máa sọ fún gbogbo ayé pé Abẹ́òkúta lòun wà, síbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá ni káńsù rẹ̀. Ìwé tí Aké bá kọ fún un kò ní agbára kankan níbẹ̀.

Obìnrin ẹlẹ́ja wá rántí nǹkan. Ó wọlé, ó tú àpò ìwé kan, ó mú ìwé àṣẹ ọtí jáde lóòótọ́, ti ọdún náà, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo ka ojúkò tó wà lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ti kó kúrò lóṣù mẹ́rin ṣáájú ni, ní òdìkejì títì. Gbígbé-lọ sì ni wọ́n kọ sí i. Mo ka àga tó wà níta: méjìlá ni.