Trace mátíríìsì: àròpọ̀ kékeré tí kì í yẹ̀

Ìṣirò trace rọrùn débi pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró wò ó dáadáa. Ẹ mú mátíríìsì, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà, tí iye ìlà ìbú àti ìlà òró rẹ̀ dọ́gba, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì, ẹ gba ìdágẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ sì ro àwọn nọ́ńbà ojú ọ̀nà yẹn pọ̀. Ó parí.

Iṣẹ́ tí mátíríìsì ń ṣe ni pé ó ń na fẹ́kítọ̀ (ọfà tó ní gígùn àti ibi tó kọjú sí), ó sì ń yí i. Àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ wà lọ́wọ́ áksíìsì, ìyẹn àwọn ìlà tí a fi ń wọn ipò nǹkan, tí a bá yàn: bí a bá pààrọ̀ áksíìsì, àwọn nọ́ńbà náà á pààrọ̀. Trace kì í bá wọn yí.

Ẹ wo mátíríìsì tí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 4, 1, tí ìkejì sì jẹ́ 2, 3. Trace rẹ̀ jẹ́ 7. Ẹ fi ṣiṣẹ́ lórí fẹ́kítọ̀ (1, 1), (5, 5) ló máa jáde: ibi tó kọjú sí kò yẹ̀, ó kàn gùn ní ìlọ́po 5 ni. Ẹ fi ṣiṣẹ́ lórí (1, −2), ẹ ó rí (2, −4), ìlọ́po 2. Tí a bá wá fi fẹ́kítọ̀ méjèèjì yìí ṣe áksíìsì tuntun, mátíríìsì náà á di 5, 0 lókè, 0, 2 nísàlẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà ló ti yí, síbẹ̀ 5 àti 2 ṣì jẹ́ 7. Àwọn ìlọ́po méjèèjì yìí ni eigenvalue rẹ̀, àròpọ̀ eigenvalue ló sì ń jẹ́ trace nígbà gbogbo, bí a bá ti ka èyí tó wáyé léraléra iye ìgbà tó wáyé. Mo máa ń rọ àwọn tí mò ń kọ́ pé kí wọ́n fi èyí yẹ iṣẹ́ wọn wò kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Kí ló fà á? Bí a bá sọ mátíríìsì A àti B di ìlọ́po, AB àti BA kì í sábà jọra, ṣùgbọ́n trace wọn dọ́gba, nítorí àwọn ìlọ́po kan náà là ń rò pọ̀ nínú méjèèjì, ètò wọn nìkan ló yàtọ̀. Pípààrọ̀ áksíìsì sì ń sọ A di P⁻¹AP, níbi tí P ti jẹ́ mátíríìsì tí àwọn áksíìsì tuntun wà nínú ìlà òró rẹ̀, tí P⁻¹ sì jẹ́ èyí tó ń tú iṣẹ́ P palẹ̀. Ẹ gbé P⁻¹ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó di APP⁻¹, ìyẹn A fúnra rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o: yíyípo nìkan ni òfin yìí gbà. Trace ABC bá ti BCA dọ́gba, kò di dandan kó bá ti ACB dọ́gba.

Èyí tó wù mí jù ni ti yíyí nǹkan nínú àyè tó ní áksíìsì mẹ́ta. Áksíìsì yòówù tí nǹkan ìbáà yí lé lórí, trace mátíríìsì rẹ̀ jẹ́ 1 + 2cos θ, tí θ jẹ́ igun tó fi yí. Ẹ mú mátíríìsì tó ń gbé áksíìsì kìíní sípò ìkejì, ìkejì sípò ìkẹta, ìkẹta sípò kìíní. Òdo ló kún ìlà ìdágẹ̀rẹ́ rẹ̀, torí náà cos θ jẹ́ −1/2, igun náà sì jẹ́ 120°. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 360° pé, áksíìsì kọ̀ọ̀kan á padà sáyè rẹ̀.