Wáṣà Tó Yẹ Ìdí Gíà Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Ilé-Ifẹ̀ jìnnà sí ọ̀sà. Mọ́tò àti ọ̀kadà ló kún ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀, láti Lágéré títí dé Modákẹ́kẹ́. Bí ará Ifẹ̀ kan bá ní ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbókòdá tàbí ní Ẹ̀pẹ́, tó wá gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wálé láti pààrọ̀ ọ́ìlì gíà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáṣà (òrùka tó ń wà lábẹ́ orí bóòtù) tí wọ́n ń lò sí ìdí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni ọwọ́ máa kọ́kọ́ bà. Wáṣà yẹn lè wọ bóòtù dáadáa, ọ́ìlì sì lè má kán sílẹ̀ rárá, síbẹ̀ kó ba gíà náà jẹ́. Iṣẹ́ wọn ni kò jọra. Wáṣà ìdí mọ́tò ń dí ọ́ìlì lọ́wọ́ kó má jáde, ó tán. Ti ọkọ̀ ojú omi ń dí ọ́ìlì lọ́wọ́, ó tún ń dí omi lọ́wọ́ kó má wọlé, dídí omi yìí ló sì nira jù.

Ilé gíà ni apá ìsàlẹ̀ pátápátá lára ẹ́ńjìnnì, níbi tí pìrọ̀pẹ́là (abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú) wà, tó máa ń rì sínú omi. Bóòtù méjì ló wà lára rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbà fi póńbù ti ọ́ìlì tuntun wọlé. Ti òkè ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde bí ọ́ìlì ṣe ń gòkè bọ̀. Bí ọ́ìlì bá ti yọ níbẹ̀, ó ti kún nìyẹn. Wáṣà wà lábẹ́ orí bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀, wọ́n á fi ti òkè sílẹ̀ bó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ inú omi kan náà làwọn méjèèjì wà.

Ohun tó ń fa omi wọlé ni ìgbóná àti ìtutù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì á gbóná, á fẹ̀, á máa ti wáṣà síta. Bí wọ́n bá pa á, omi tó yí i ká á mú un tutù, ohun tó fẹ̀ á súnkì, ilé gíà á sì máa fa ohunkóhun tó bá wà níta sínú. Omi ló wà níta. Wáṣà tí àlàfo rẹ̀ kéré débi pé ọ́ìlì tó ki kò lè gbà á kọjá ṣì lè jẹ́ kí omi kọjá. Mọ́tò tó ń jò á fi àmì sílẹ̀ níbi tí wọ́n páàkì rẹ̀ sí, ẹni tó ni ín á rí i láàárọ̀. Ọkọ̀ ojú omi kì í fi àmì kankan hàn, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá tú bóòtù tí ọ́ìlì tó jáde sì ti funfun bí ògì. Ó ṣeé ṣe kí bẹ́árìn àti eyín gíà ti máa dípẹtà nígbà yẹn.

Ohun tí wọ́n fi ṣe wáṣà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Wáṣà bàbà dára lára mọ́tò, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ilé gíà ọkọ̀ ojú omi. Bí bàbà àti alumíníọ̀mù bá fara kan ara wọn nínú omi iyọ̀, iná mànàmáná kékeré á máa ṣàn láàárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹrà. Nítorí irú ìjẹrà yìí ni wọ́n ṣe ń de ègé irin tí wọ́n ń pè ní zinc mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí òun máa jẹ dípò alumíníọ̀mù. Kò bójú mu rárá kí ẹni tó ń fi zinc gba ilé gíà là tún fi bàbà sí i lẹ́nu.

Wáṣà tí wọ́n fún pọ̀ láti ara fáíbà ló wọ́pọ̀ lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó rọ̀, ó sì ń tẹ̀ wọnú gbogbo ojú tí kò bá dán lára irin. Rírọ̀ yẹn náà ni kò fi ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì: ó ti gba àpẹẹrẹ ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀, bóòtù kò sì lè padà sí ojú kan náà gẹ́lẹ́. Òmíràn jẹ́ òrùka rọ́bà. Rọ́bà tí ọ́ìlì kì í ràn ni kéèyàn béèrè, irú tí wọ́n ń pè ní nitrile, nítorí rọ́bà lásán máa ń wú nínú ọ́ìlì, á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Àwọn bóòtù kan tún wà tí rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ wọn lórí láti ilé iṣẹ́. Bóòtù àti rọ́bà lápapọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ irú èyí. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dípò èyíkéyìí nínú wọn.

Ní ti ìwọ̀n, ihò àárín wáṣà gbọdọ̀ wọ bóòtù láìṣeré. Bí ó bá fẹ̀ jù, á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí wọ́n bá ń dè é. Etí rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ fún un. Fífi ojú wọn wáṣà kò tó. Nọ́ńbà páàtì tó bá irú ẹ́ńjìnnì náà mu ni kí wọ́n lò, àkọlé irú ẹ́ńjìnnì ọ̀hún sì sábà máa ń wà lára irin tí wọ́n fi de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀.

Kí tuntun tó wọlé, ẹ tan iná sí ẹnu ihò náà. Wáṣà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pinpin, àwọ̀ rẹ̀ á ti dúdú bíi ti irin tó yí i ká, ẹni tí kò bá fi èékánná há a yóò ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí tuntun bá gun orí àtijọ́, àárín wọn ni omi máa gbà. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì Johnson àti Evinrude àtijọ́, bóòtù kan tí ẹnu rẹ̀ rí bí àmì ìròpọ̀ wà nítòsí ti ọ́ìlì. Ẹ má tú u: òun ló di irin tí wọ́n fi ń yí gíà mú, irin yẹn á sì já sínú.

Bí ọ́ìlì bá ti yọ lókè, bóòtù òkè ni kí wọ́n kọ́kọ́ dè, kí wọ́n tó yọ ẹnu póńbù nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò ti rí ọ̀nà wọlé lókè, ọ́ìlì kò ní tètè dà sílẹ̀. Kí wọ́n dè é le, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé tírẹ́ẹ̀dì alumíníọ̀mù kì í pẹ́ ya.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ́ńjìnnì wà lóòró mọ́jú, kí wọ́n wá tú bóòtù ìsàlẹ̀ díẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ló máa kọ́kọ́ kán bí ó bá wà níbẹ̀. Bí omi bá sì yọ lẹ́yìn tí wáṣà méjèèjì ti di tuntun tí wọ́n sì jókòó dáadáa, síìlì ọ̀pá pìrọ̀pẹ́là, ìyẹn rọ́bà tó ń dí omi níbi tí ọ̀pá náà ti yọ síta, ló kàn láti tú wò, nítorí okùn ìpẹja máa ń wé mọ́ ibẹ̀, á sì gé rọ́bà rẹ̀.