Apá Ọmọ Ni Wọ́n Ń Wọ̀n, Kì Í Ṣe Ikùn

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ àwọn ọmọdé wò ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé l'Óṣogbo, okùn pẹlẹbẹ kan ni nọ́ọ̀sì fi ń mọ ọmọ tí àìjẹunrekánú ti mú. Ó ní pupa, ó ní yẹ́lò, ó ní àwọ̀ ewé. Ọmọ oṣù 6 títí di ẹni tí kò tíì pé ọdún 5 ni wọ́n ń fi wọ̀n. Nọ́ọ̀sì á wá agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá òsì, á ní kí ìyá jẹ́ kí apá rọ̀ wọ̀ọ̀, á wá fi okùn yí i ká, kò ní fún, kò sì ní dẹ̀. Tó bá tó 12.5 sẹ̀ǹtímítà, kò séwu. Tó bá wà láàárín 11.5 sí 12.5, ara ti ń joro. Tí kò bá tó 11.5, pupa nìyẹn, kò sí pé à ń wò ó ná.

Láàárín ọjọ́ orí yìí, apá kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i, ìdí nìyẹn tí okùn kan náà fi tó fún gbogbo wọn. Ikùn ní tirẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ọmọ tó mu ògì láàárọ̀, tó tún jẹ ẹ̀kọ lálẹ́, á yó bámúbámú, àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó jẹ. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé eèrí là ń dà fún ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ inú eèrí náà ni ọ̀pọ̀ oore àgbàdo bá lọ. Ẹ̀pà lílọ̀, edé tàbí ẹ̀wà sóyà láti Ọjà Ọba ló máa ń dí àlàfo náà.

Ọmọ mìíràn á rí rọ̀bọ̀tọ̀, àwọn ará ilé á sì máa yìn ín pé ó sanra, omi ló kún un lára. Nọ́ọ̀sì á fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn, tí kò tètè padà, kwashiorkor ni. Èdè Gà ní Ghana ni orúkọ yẹn ti wá, àìsàn ọmọ tí àbúrò gbapò lẹ́nu ọmú ni wọ́n fi ń pè. Dókítà Cicely Williams ló gbé e wọ ìwé ìṣègùn ní 1935.

Fún ẹni tó bọ́ sí pupa, wọ́n á fún un ní oúnjẹ inú ọ̀rá, ẹ̀pà, mílíìkì, ṣúgà àti òróró tí wọ́n pò pọ̀. Tó bá lá a, ilé ni wọ́n á ti máa tọ́jú rẹ̀. Tó bá kọ̀ ọ́, tàbí tí ibà tó le bá wà lára rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn ńlá, mílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n á sì fi bẹ̀rẹ̀, torí oúnjẹ líle lójijì lè pa á. Ìbẹ̀wò méjì léra wọn ni apá gbọ́dọ̀ fi tó 12.5, kí ẹsẹ̀ má sì wú, kí wọ́n tó yọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.