Bí ìròyìn “òkun ń di ásíìdì” ṣe ń dé etí aráyé

Ẹni tó bá kà á pé òkun ń di ásíìdì, omi bátìrì ọkọ̀ tó ń jẹ aṣọ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Òkun kò tíì dé ibẹ̀, kò sì ní dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ìròyìn náà kì í ṣe irọ́.

Carbon dioxide tó ń jáde látinú epo, gáàsì àti èédú tí aráyé ń sun, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni òkun ń fà mu. Bó bá ti wọnú omi, ó ń di ásíìdì tí kò le, irú èyí tó wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, á sì máa dín èròjà tí àwọn ẹran omi fi ń kọ́ ìkarahun kù. pH ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Omi tó mọ́ gaara wà ní 7. Ìsàlẹ̀ 7 ni ọsàn wẹ́wẹ́ wà, òkè rẹ̀ sì ni omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, òkun wà ní nǹkan bí 8.2. Ó ti sún mọ́ 8.1 báyìí. Ìhà omi eérú ló ṣì wà, ìhà ọsàn ló kọjú sí.

Orí ìwọ̀n yìí ni ìròyìn ti ń pín sí méjì. Ìṣísẹ̀ kan lórí pH jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà 0.1 tó dà bíi pé kò tó nǹkan túmọ̀ sí pé èròjà ásíìdì inú omi ti fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Olóòtú tó fẹ́ kí àyà òǹkàwé já á kọ 30. Èyí tó fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn á kọ 0.1. Òótọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń tà.

Wàhálà àwòrán tún wà níbẹ̀. Epo tó bá dà sómi ní ẹyẹ tí epo bò láti fi hàn. Omi tí pH rẹ̀ lọ sílẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ìdí nìyẹn tí ìgbín òkun bíńtín kan, pteropod, fi di ojúlùmọ̀ àwọn oníròyìn: wọ́n ya ìkarahun rẹ̀ bó ṣe ń yòrò láàárín ọjọ́ 45. Ohun tí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán sábà máa ń fò ni pé inú omi tí wọ́n pò bí wọ́n ṣe retí pé òkun yóò rí lọ́dún 2100 ni wọ́n kó o sí. (Wọ́n ti rí ìkarahun tó ń jẹrà lára àwọn tó wà láàyè nínú òkun náà, àmọ́ ìyẹn kò dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀.)

Ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, ọmọ oyster, ẹran omi tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì, kú rẹpẹtẹ níbi tí wọ́n ti ń sìn wọ́n ní Whiskey Creek lọ́dún 2007 àti 2008. Kòkòrò àrùn ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, kó tó hàn pé omi ìsàlẹ̀ òkun tó ń ru sókè, tí carbon dioxide kún inú rẹ̀, ló fà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da èròjà sódà sómi. Owó ti wọ̀ ọ́, ìròyìn náà sì kúrò lójú ewé sáyẹ́ǹsì; ìwé ìròyìn Seattle Times kọ ọ̀wọ́ ìròyìn gígùn lórí rẹ̀ lọ́dún 2013.

Ti ẹja ló rújú jù. Láti 2009 ni ìwádìí ti ń jáde pé ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọmọdé mọ̀ nínú sinimá kò ní lè fi òórùn dá ilé rẹ̀ àti ọ̀tá rẹ̀ mọ̀ mọ́ bí òkun bá ń di ásíìdì sí i. Ìròyìn tó dùn ún gbé ni, ó sì rìn jìnnà. Ní 2020, àwọn onímọ̀ mìíràn dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sínú Nature, ìwé sáyẹ́ǹsì tó lókìkí, pé àwọn kò rí ipa tó tó nǹkan. Ní 2022, àwọn kan kó ìwádìí 91 jọ: àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ló ní ipa ńlá, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ipa náà ń joro títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì fẹ́ràn èsì tó ń yani lẹ́nu, ibẹ̀ sì ni akọ̀ròyìn ti ń bu tirẹ̀. Àtúnṣe náà kò rí ẹni lù ú bí ìlù, àfi àwọn tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹja da ọ̀rọ̀ ìkarahun nù pọ̀.

Nítòsí Hawaii, láti 1988 ni wọ́n ti ń bu omi òkun wọ̀n ní ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní ALOHA. Ìlà pH tí wọ́n fà láti ibẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, díẹ̀ tó jẹ́ pé kò sí ọjọ́ kan pàtó tí olóòtú lè sọ pé òní ni ìròyìn náà ṣẹlẹ̀.