Bí Turntable.fm ṣe kó èrò jọ, àti ohun tó tú agbo náà ká

Níbi ìnáwó ní Ìsánlú tàbí Kàbbà, kò sẹ́ni tó ń kéde pé orin kan ti sú òun. Àwọn tó ń jó á kàn máa padà sídìí àga wọn, díjéè tó bá mọṣẹ́ á sì ti yí orin padà kí agbo tó dá. Ohun tí Turntable.fm, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin pọ̀, gbé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2011 nìyẹn: orin, àti ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Seth Goldstein àti Billy Chasen ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Yàrá yàrá ni wọ́n pín in sí. Ẹni tó bá wọlé á rí pèpéle kan tí àyè díjéè márùn-ún wà lórí rẹ̀. Bí àáró ni wọ́n ṣe ń ṣe é: lámọ̀rín gbé orin kan sí i, ó yí kan ẹni tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwòrán kékeré ló ń ṣojú olúkúlùkù. Bí olùgbọ́ bá tẹ Awesome, orí àwòrán rẹ̀ á máa mì sí orin náà, díjéè á sì gba máàkì. Bí àwọn tó tẹ Lame bá pọ̀ jù, orin á gé lójijì. Máàkì ló ń fún díjéè láǹfààní láti pààrọ̀ àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá wọ awọ ìnàkí, gbogbo yàrá ti mọ̀ pé ó ti pẹ́ lórí pèpéle.

Ìdí òfin ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń dá orin sínú mẹ́mórì káàdì lọ́jà Kàbbà kì í sanwó fún olórin kankan, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń san iye tí ìjọba là sílẹ̀, bí olùgbọ́ kò bá ti lè yan orin fúnra rẹ̀. Bó bá lè yan, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ náà bá ẹni tó ni orin dúnàá dúrà. Ìhà rédíò ni Turntable dúró sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dá wà ní yàrá kì í fi í gbọ́ orin tán: bí kò bá sí ẹlòmíràn, ara rẹ̀ ló ń yan orin fún.

Àṣẹ yẹn kò sì kọjá ẹnubodè Amẹ́ríkà. Kí oṣù kẹfà ọdún 2011 tó parí, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ń lò máa ń sọ orílẹ̀-èdè tó wà, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ìyàgbà tó wà ní Houston lè wọlé. Àbúrò rẹ̀ ní Mọ́pà kò lè bá a jókòó. Àdánù ńlá ni fún ohun tó jẹ́ pé àjọjókòó ni gbogbo adùn rẹ̀.

Owó náà tún wà níbẹ̀. Díjéè ìnáwó, iye kan náà ni yóò gbà, ì báà jẹ́ àádọ́ta èèyàn ló wá tàbí ẹgbẹ̀rún. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, etí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà: bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá gbọ́ orin kan, owó ọgọ́rùn-ún ìgbà ni. Èrò tó ń pọ̀ sí i, gbèsè ló ń kó bọ̀. Nínú oṣù kẹta ọdún 2012 ni wọ́n tó bá Universal, Sony, Warner àti EMI, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni orin, fọwọ́ sí ìwé. Mílíọ̀nù méje dọ́là ni àwọn olùdókòwò ti kó sílẹ̀. Chasen sọ lẹ́yìn náà pé owó tó bá àwọn lọ́yà, owó orin àti iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ ọn lọ ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó wọn lọ.

Láàárín àkókò yẹn, Spotify, ìkànnì tí èèyàn ti lè dá gbọ́ orin, ti wọ Amẹ́ríkà ní oṣù keje ọdún 2011, èèyàn sì lè máa gbọ́ ọ lápò láìfojú sí i. Turntable ń fẹ́ kí èèyàn jókòó ti òun. Bí ẹnì kan bá jáde, adùn yàrá dínkù fún àwọn tó kù, ẹni tó bá sì yọjú sí yàrá tó ṣófo kì í dúró.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2013, wọ́n pa àwọn yàrá náà dé, wọ́n kọjú sí eré orin tí àwọn olórin ń ṣe lójú ẹsẹ̀, tí èèyàn ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn náà kú ní ọdún 2014. Ní ọdún 2021, nígbà tí Kòrónà ṣì mú ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́lé, Chasen tún ṣí i, pẹ̀lú pèpéle rẹ̀ àti àwọn àwòrán tó ń mi orí.