Àṣà ìṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IKEA

Àṣà ìṣiṣẹ́ IKEA ni àkójọ ìwà, ìgbàgbọ́ àti ìlànà tí ilé-iṣẹ́ tó ń ta àga, tábìlì àti ohun-èlò inú ilé yìí fi ń darí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ingvar Kamprad ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Sweden ní ọdún 1943, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà dúró fún orúkọ tirẹ̀, ìkẹta dúró fún Elmtaryd, oko tó ti dàgbà, ìkẹrin sì dúró fún Agunnaryd, abúlé tó wà nítòsí oko náà.

Agbègbè Småland ni àwọn ibi wọ̀nyí wà, ilẹ̀ olókùúta tí àgbẹ̀ kò rọrùn láti rówó lórí rẹ̀. Ará Abẹ́òkúta mọ ohun tí òkúta jẹ́, àmọ́ òkúta tó ṣe ibi ààbò fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà ogun, oko ló ń sọ di ahoro fún àwọn ará Småland, débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Inú irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà sọ pé òun ti mú ìwà ṣíṣọ́ owó ná.

Edgar Schein, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ni ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, là á kalẹ̀ pé ìpele mẹ́ta ni àṣà ilé-iṣẹ́ ní: ohun tí ojú rí, ohun tí àwọn aláṣẹ ń fi ẹnu sọ, àti ohun tí gbogbo wọn ti gbà gbọ́ débi pé ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ jáde mọ́. Ìpele kejì ló rọrùn jù láti rí ní IKEA, nítorí pé Kamprad kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan ní ọdún 1976. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ìwé náà ka fífi nǹkan ṣòfò sí, ṣùgbọ́n ó fi òṣìṣẹ́ lọ́kàn balẹ̀ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè ṣe àṣìṣe.

Ohun tí ojú rí pọ̀. Wọ́n ń sọ pé ní ọdún 1956, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Gillis Lundgren fẹ́ gbé tábìlì sínú ọkọ̀, tábìlì náà kò wọlé, ó sì yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí pẹlẹbẹ, tí oníbàárà ń gbé e lọ tò fúnra rẹ̀ nílé. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá bẹ káfíńtà níṣẹ́ retí kí àga dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní odindi. IKEA pín iṣẹ́ náà mọ́ oníbàárà lọ́wọ́, ó sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye ọjà.

Ní IKEA, wọ́n tún ń pe ọ̀gá ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ iṣẹ́ tó bá dán èyí wò lọ́dọ̀ káfíńtà Ẹ̀gbá yóò gbọ́ tirẹ̀, nítorí "ọ̀gá mi" ni ó ń kọ́ kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Ó yẹ kí olùtúpalẹ̀ ṣọ́ra níbí, torí pé ìwà gbogbo ará Sweden ni èyí, kì í ṣe ti IKEA nìkan.

Ìpele kẹta kì í hàn àfi nígbà tí nǹkan bá dojú rú. Ilé-iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan àti ìgbẹ́kẹ̀lé ni ilé-ẹjọ́ Versailles dá lẹ́bi ní ọdún 2021, tó sì ní kí ẹ̀ka rẹ̀ ní Faransé san mílíọ̀nù kan owó yúrò, nítorí pé wọ́n ń ṣe amí àwọn òṣìṣẹ́. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2012 sì fi hàn pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú wà lára àwọn tó ṣe ọjà fún un ní Jámánì Ìlà-Oòrùn àtijọ́, ibi tí iṣẹ́ ti dínwó. IKEA tọrọ àforíjì, ó sì ṣèlérí mílíọ̀nù 6 owó yúrò ní ọdún 2024 fún àpò ìrànwọ́ àwọn tí ìjọba ibẹ̀ fìyà jẹ.